Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NFF: Ìlànà Là Ń Fẹ́ fún Àwọn Aṣọ́lé Wa, Ìbánikẹ́dùn Ti Tó

Sí Ààrẹ àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ Àjọ Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá Nàìjíríà (NFF), ní Abuja. Kí Àjọ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè náà bá wa dá sí i.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mi ò ní fi ìkíni fa ilẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Gbangba ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo ẹni tó ti pariwo "Dodo Mayana" rí lè bá mi kà á, kí wọ́n sì dá mi lóhùn bí mo bá purọ́.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2025, Peter Rufai, aṣọ́lé Super Eagles tí a ń pè ní "Dodo Mayana", dágbére fáyé ní Èkó, ẹni ọdún 61. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìbánikẹ́dùn ti kún orí ayélujára. Ẹ̀yin náà kọ tiyín. Àwọn olóṣèlú tí wọn ò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín aṣọ́lé àti atamátàsé náà kọ tiwọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ kan náà yìí la kọ nígbà tí Best Ogedegbe kú lọ́dún 2009, òun náà la tún kọ nígbà tí Wilfred Agbonavbare kú lọ́dún 2015. Orúkọ nìkan la ń pààrọ̀. Láàárín ikú kan sí èkejì, kò sí ìwé kan tí aráàlú lè nàka sí pé ohun báyìí ló tọ́ sí ẹni tó bá ti ṣọ́lé fún Nàìjíríà. Bí olóògbé bá ní ọ̀rẹ́ lókè, wọ́n á ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá ní, ó parí nìyẹn. Ohun tí mo wá bá yín wí nìyí, mo sì tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó lọ.

Ọmọọba Idimu ni Rufai. Ó ṣọ́lé fún Stationery Stores ní Èkó, ó bá Femo Scorpions gbá bọ́ọ̀lù, ó kọjá sí Dragons de l'Ouémé ní orílẹ̀-èdè Benin, kó tó forí lé Belgium. Lokeren ló kọ́kọ́ lò ó níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni Beveren. Láti ibẹ̀ ó dé Go Ahead Eagles ní Netherlands, ó dé Farense ní Portugal, ó dé Hércules àti Deportivo La Coruña ní Spain, ó sì padà sí Portugal láti parí eré rẹ̀ pẹ̀lú Gil Vicente. Láyé ìgbà tó gòkè lọ yẹn, atamátàsé ni àwọn òyìnbó ń wá kiri ní Áfíríkà. Aṣọ́lé tí wọ́n gbà láàyè láti ọ̀dọ̀ wa kò ju díẹ̀ lọ. Thomas N'Kono ọmọ Cameroon ti wà ní Espanyol láti 1982, òun ló fẹ̀ lójú ọ̀nà. Rufai wà lára àwọn tó tẹ̀ lé e, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo Farense nìkan. Ẹgbẹ́ kékeré ni, láti ìlú Faro ní apá gúúsù Portugal. Ní sáà 1994 sí 1995 tí Rufai ń ṣọ́lé fún wọn, ipò karùn-ún ni wọ́n gbé nínú líìgì, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ wọ UEFA Cup, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ká ní ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ló ṣe irú rẹ̀ ni, wọn ì bá ti fi kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Fún Nàìjíríà, ìgbà 65 ló wọ aṣọ náà. Ó wà lára ikọ̀ tí Cameroon nà ní àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1984, ó tún wà níbẹ̀ nígbà tí Cameroon kan náà nà wá lọ́dún 1988. Ẹni tó bá ti gba fàdákà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ọ̀tá kan ṣoṣo mọ bó ṣe ń rí lára. Kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje ọdún 1993, nígbà tí a na Ethiopia ní 6 sí 0, òun ló kúrò nílé tó ń ṣọ́, tó rìn la pápá já, tó sì gbá pẹnáritì wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ọdún 1994, ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia, Zambia ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọ àwọ̀n rẹ̀. Emmanuel Amunike dá méjì padà, ilé kò sì ṣí mọ́ títí rẹfirí fi fọn fèrè. Ife náà di tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1994, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì ń fi ọjọ́ yẹn bú u. Ife ẹ̀yẹ àgbáyé ni, ní Foxborough l'Amẹ́ríkà. A ti gbá góòlù kan sílé Italy láti ìdajì àkọ́kọ́. Zola ti gba káàdì pupa, ènìyàn mẹ́wàá ló kù fún wọn. Ó ku bí ìṣẹ́jú méjì kí eré parí. Mussi wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún Roberto Baggio, Baggio kò sì dá a dúró rárá kó tó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà ń fà nílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa kọjá, ó wọ igun. Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, aṣọ́lé kì í rí i àfi ìgbà tó bá ti yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Ní àfikún àsìkò, Baggio tún gbá pẹnáritì, òpó ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kọlù kó tó yí wọlé. Àwa tí a wà níwájú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ẹlẹ́bi. Ta ló fún Mussi láyè? Ta ló dúró tí Baggio? A kì í bi ẹnikẹ́ni. Aṣọ́lé nìkan ni àwọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò sọ pé Rufai kò ṣàṣìṣe rí. Góòlù mẹ́rin tí Denmark gbá sílé wa ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1998 dun gbogbo wa, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé ó ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ìgbà yẹn ló dúró ní Nantes tí a na Spain ní 3 sí 2, ọjọ́ tó jẹ́ pé Zubizarreta, àgbà aṣọ́lé Spain, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti bọ́ọ̀lù Garba Lawal wọlé. Iṣẹ́ náà nìyẹn, kò mọ àgbà.

Lọ́dún 1998 yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ oyè bàbá rẹ̀ délẹ̀ ní Idimu. Ó wálé, ó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ó sì kọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù ló yàn. Ọmọ Yorùbá tó bá ń ka èyí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọọba ní òun kò jọba nítorí iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Orílẹ̀-èdè tó ṣe iṣẹ́ náà fún, kí ló fi san án fún un?

2. Ìlérí ilé ọdún 1994.

Èyí kò gba ìtàn gígùn nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha ṣèlérí ilé fún ikọ̀ tó gbé ife wá láti Tunisia. Ọdún 2022 ni ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún àwọn tí kò tíì rí tiwọn gbà. Ọdún 28. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ àṣekágbá náà ti tó ẹni tí ń wá ilé fún ara rẹ̀.

Kó tó di 2022, Uche Okafor ti kú, 2011. Rashidi Yekini ti kú, 2012. Thompson Oliha, 2013. Wilfred Agbonavbare, 2015. Stephen Keshi tó jẹ́ ọ̀gá wọn, 2016. Ẹ̀yin àgbà, kí ni òkú fẹ́ fi yàrá mẹ́ta ṣe? Mo mọ̀ pé ìjọba ló ṣèlérí, kì í ṣe NFF. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kó wọn lọ síbi ìdíje, orúkọ wọn wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ máa rán ìjọba létí lọ́dọọdún. Ìlérí tí kò sí nínú ìwé, tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ẹni tí ń bójú tó o, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

3. Wilfred.

Ọ̀rọ̀ Rufai, ó kéré tán, Nàìjíríà mọ̀ ọ́n. Tí mo bá dárúkọ Wilfred Agbonavbare fún ọmọ ogún ọdún lónìí, á ní ta ni? Ẹ bi ará Vallecas ní Madrid wò, ọmọdé ibẹ̀ á sọ fún yín.

Èkó ni wọ́n bí i sí, lọ́dún 1966. Ó ṣọ́lé fún New Nigeria Bank àti BCC Lions nílé kó tó rìnrìn àjò. Láti 1990 sí 1996 ló wà ní Rayo Vallecano, ẹgbẹ́ àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Madrid, níbi tí owó kò ti pọ̀ tó ti Real. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 177 ló gbá fún wọn. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gòkè sí ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún 1992, ó tún wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún gòkè lọ́dún 1995. Láwọn pápá kan tí wọ́n bá lọ, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ń fi ń bú u láti òkè ìjókòó, Bernabéu tó jẹ́ pápá Real Madrid pàápàá wà nínú wọn. Ó ń gbọ́ ọ, ilé náà ló ń ṣọ́. Ó bá Super Eagles gba ife lọ́dún 1994, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ sí Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan níbẹ̀ nítorí Rufai ló wà nílé.

Lẹ́yìn Rayo, ó lo sáà kan ní Écija, ó parí síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ ọmú, owó tó kó jọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn sì bá ìtọ́jú lọ. Ìyàwó náà kú. Ọkùnrin tó ti dojú kọ àwọn atamátàsé tó gbówó lórí jù ní Spain wá ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Barajas. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ ọwọ́, ó jẹun nínú òógùn ara rẹ̀, ó sì tún ń kọ́ àwọn aṣọ́lé kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà. Jẹjẹrẹ kọ lu òun náà. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2015, ó kú ní Alcalá de Henares, ẹni ọdún 48.

Àwọn ará Rayo kò ní owó púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Wilfred pe ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré wọn. Ẹni tó bá ń wọlé lọ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀, orúkọ ọmọ Nàìjíríà ló ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Nílé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. A ní pápá Teslim Balogun ní Surulere, atamátàsé ni. A ní pápá Stephen Keshi ní Asaba, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni. A ní Adokiye Amiesimaka ní Port Harcourt, ẹ̀gbẹ́ òsì ló ti ń sáré wá. Ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n yẹ lẹ́ni à ń yẹ́ sí. Yàtọ̀ sí wọn, orúkọ gómìnà àti ti ológun ló kún ara ògiri pápá wa. Aṣọ́lé wo la fi orúkọ rẹ̀ pe pápá, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹnu ọ̀nà? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olóṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwa là ń hu ìwà náà.

4. Ìdí tí mo fi ń pe aṣọ́lé lọ́tọ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé aṣọ́lé nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni?" Rárá. Ohun tí mo bá bèèrè fún wọn, mo fẹ́ kó kan gbogbo agbábọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ara aṣọ́lé ni ìyà yìí ti hàn jù.

Ọmọ ìka tó ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò lè tọ́ mọ́, ẹ bọ aṣọ́lé àtijọ́ lọ́wọ́ kí ẹ wò ó. Ìgbáròkó àti èjìká ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, lójoojúmọ́ ìgbaradì, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún. Ẹ sì mọ àwọn pápá tí a fi ń kọ́ wọn nílé. Iwájú ilé, níbi tí aṣọ́lé ń dúró sí gan-an, ni koríko ti máa ń kọ́kọ́ kú, tí ilẹ̀ á wá le gbagidi. Atamátàsé lè ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ aṣọ́lé ni kó máa ṣubú. Nígbà tó bá di ẹni ọgọ́ta ọdún, orúnkún àti ìgbáròkó yẹn á wá gba owó wọn padà.

Àyè kan ṣoṣo ló sì wà. Agbábọ́ọ̀lù àárín lè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ síwájú. Aṣọ́lé kejì á jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún ọdún mẹ́ta, á máa retí kí ẹnìkejì rẹ̀ fara pa, owó tó ń wọlé fún un á sì mọ níwọ̀n.

Iṣẹ́ náà tún máa ń yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1992 ni òfin dé pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Rufai ti tó bí ẹni ọdún 29 nígbà náà. Ohun tó ti ń fi ọwọ́ ṣe láti kékeré, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ṣe é, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló sì ń gbá a níwájú gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó la irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kọjá ní ohun tó lè kọ́ ọmọ. A ò jókòó tì í kó sọ ọ́ fún wa. Ó ti lọ.

5. Bí wọ́n ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ yín.

Aṣọ́lé Vincent Enyeama gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ìgbà 101. Ẹni ọdún 19 ni nígbà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ England ní Osaka ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2002. Òun ló gba ife líìgì àwọn aṣaájú ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú Enyimba lọ́dún 2003 àti 2004. Ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2010, òun àti Messi ló wo ara wọn lójú ní Johannesburg. Argentina ló borí ní 1 sí 0, síbẹ̀ òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbá a jù lọ́jọ́ náà. Ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2013. Ní Lille, ní sáà 2013 sí 2014, ó lo ìṣẹ́jú 1,062 láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé òun nínú líìgì Faransé.

Báwo ló ṣe kúrò? Ó lọ sìnkú ìyá rẹ̀, ó padà dé ibùdó ìgbaradì ní Belgium ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ó gbọ́ pé ipò balógun ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti akọ́nimọ̀ọ́gbá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kọ ọ́ sórí ayélujára pé òun kò gbá fún Nàìjíríà mọ́. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní dá ẹjọ́ tí mi ò gbọ́ tẹnu ẹnì kejì rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Joseph Yobo, tí òun náà ní 101, gba eré ìdágbére ní Port Harcourt, èrò sì kún ibẹ̀. Ó yẹ Yobo. Enyeama lọ bí ẹni tí wọ́n lé.

Joe Erico náà ńkọ́? Aṣọ́lé àtijọ́ ni. Ó wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mú wa yege fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2002. Ipò kẹta tí a gbé nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali ló fà á tí àjọ fi tú gbogbo wọn ká kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gbin iṣu kọ́ ló jẹ ẹ́.

6. Òfin ti wà nílẹ̀, owó náà sì wà.

Èsì tí mo ń retí ni pé kò sí owó. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Agbanisíṣẹ́ á mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wá, òṣìṣẹ́ á mú ìdá 8. Òfin yẹn kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún kan. Lọ́dún 2022, òfin mìíràn sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń gbá líìgì wa. Akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní owó ìfẹ̀yìntì, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Aṣọ́lé tó ń wó lulẹ̀ ní pápá fún ẹgbẹ́ kan náà, ìwé àdéhùn ọdún kan tàbí méjì ló ní. Ibo la ti kọ́ ìyẹn?

Ẹ̀yin lẹ ń fún ẹgbẹ́ ní ìwé àṣẹ láti gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ lè fi í ṣe àṣẹ, lọ́la òde yìí.

Ní ti owó yín, nígbà tí a gbé ipò kejì nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ní oṣù Kejì ọdún 2024, mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, fún ẹni ipò kejì. Ta ló gbé wa dé àṣekágbá? Aṣọ́lé Stanley Nwabali ló mú pẹnáritì méjì lọ́wọ́ South Africa ní Bouaké. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn jẹ́ $200,000. Ẹ ṣírò iye àgbà agbábọ́ọ̀lù tí owó yẹn lè san adójútòfò ìlera fún lọ́dún kan nínú náírà, kí ẹ tó ní kò sí.

7. Ohun tí a ń bèèrè.

Ìkíní, kí ẹ ṣe ìwé orúkọ gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, láyé àti lókùú, pẹ̀lú iye ìgbà tí wọ́n gbá a àti ibi tí àwọn alààyè wà báyìí. Kí ẹ gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Kò yẹ kó jẹ́ ìwé ìròyìn òyìnbó la ti ń wá iye ìgbà tí Rufai ṣọ́lé fún wa.

Ìkejì, kí ẹ fi orúkọ àwọn alààyè sí ètò adójútòfò ìlera, kí àjọ sì máa san án. Kó kan ojú, eegun, orúnkún àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo dárúkọ ojú nítorí Ogedegbe: ọkùnrin tó wà nínú ikọ̀ nígbà tí Shooting Stars Ìbàdàn di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1976, tó tún dúró nílé nígbà tí a na Algeria ní 3 sí 0 ní àṣekágbá ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Surulere lọ́dún 1980. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú ló kú.

Ìkẹta, kí ìdá márùn-ún nínú gbogbo owó ìdíje tó bá wọlé láti CAF àti FIFA máa bọ́ sínú àpò kan fún àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù. Kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fúnra wọn ní aṣojú nínú àwọn tí ń bójú tó àpò náà, kí ẹ sì máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún.

Ìkẹrin, láti sáà tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ tí kò bá fi ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì àti adójútòfò ẹ̀mí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ hàn, ẹ má fún un ní ìwé àṣẹ. Àwọn gómìnà á bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ìkarùn-ún, kí ẹ kó àwọn aṣọ́lé àtijọ́ tó ṣì lágbára jọ, Enyeama, Ike Shorunmu, Alloy Agu àti àwọn mìíràn, kí ẹ gbé ẹ̀kọ́ àwọn aṣọ́lé ọmọdé lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì máa sanwó fún wọn bí ó ti yẹ. Kó jẹ́ iṣẹ́ tó ní àdéhùn, tí ẹni tó bá gba ìjọba lọ́wọ́ yín kò ní lè fi ẹnu lásán tú ká.

Ìkẹfà, eré ìdágbére fún Enyeama. Bí inú bá ti bí i, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Àgbà tó bá mọ ẹ̀bẹ̀ kò tẹ́.

Ìkeje, orúkọ. Kí ẹ bá ìjọba sọ ọ́ kí wọ́n fi orúkọ Rufai pe apá kan nínú pápá Surulere tí ó ti ń ṣọ́lé, kí wọ́n sì wá ibi tí wọn yóò fi ti Agbonavbare sí ní Èkó tí wọ́n ti bí i.

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìkíní kò gbà ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ ní akọ̀wé, ẹ ní kọ̀ǹpútà. Ìkẹrin kò ná yín ní kọ́bọ̀. Méjèèjì yìí la máa kọ́kọ́ fi wò yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì ní gbangba, kí ẹ sọ èyí tí ẹ gbà, èyí tí ẹ kọ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan láti Ìbàdàn